Abẹ́ Ilé ní Kouloundè: Ilẹ̀ Lílù, Ọ̀rinrin àti Owó Iná

Abẹ́ ilé ni gbogbo ohun tó wà láàrin ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ nínú yàrá àti ilẹ̀ gan-an tí wọ́n kọ́lé lé. Ní àwọn ìlú òkèèrè kan, òfìfo ló wà níbẹ̀. Ní Kouloundè, láti Kambolé dé Tchamba, àti lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn wa tó wà ní Sokodé, kì í ṣe òfìfo. Yangí ni, erùpẹ̀ ọ̀gán ni, òkúta wẹ́wẹ́ ni. Wọ́n kó o sínú ìpìlẹ̀, wọ́n wọ́n omi sí i, wọ́n sì lù ú títí ó fi le. Àkọsílẹ̀ yìí dá lórí iṣẹ́ tí ilẹ̀ lílù yẹn ń ṣe nígbà ooru, nígbà òjò àti nígbà ọyẹ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe é, àti owó tí ìdílé ń san nígbà tí wọ́n bá kọ́ ilé tuntun láìkà á sí.

Ohun tó mú wa kọ ọ́ nísinsìnyí ni pé àwọn ọmọ wa tó wà ní Lomé, ní Faransé àti ní Amẹ́ríkà ń fi àwòrán ilé ránṣẹ́ sílé fún bíríkìlà. Nínú àwọn àwòrán kan, wọ́n gbé ilé sórí òfìfo tí àwọn Faransé ń pè ní vide sanitaire, pẹ̀lú ihò afẹ́fẹ́ yíká ẹsẹ̀ ògiri. Bíríkìlà á béèrè bóyá kí òun ṣe é bẹ́ẹ̀, ìdílé á sì wo ara wọn lójú. Ìdáhùn wa ni pé, ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ wa, kí a gbé ilé sókè, ṣùgbọ́n kí a má fi abẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ìdí rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀.

Ooru òkè àti ooru ilẹ̀

A wà ní Région Centrale ti Togo, níbi tí àkókò òjò kan ṣoṣo wà lọ́dún, láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọyẹ́ ń dé, láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì. Ooru tó le jù ń bọ̀ ní oṣù kejì sí oṣù kẹrin, kí òjò tó fìdí múlẹ̀. Lọ́sàn-án, ó máa ń kọjá ìwọ̀n 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ṣùgbọ́n bí a bá kó ọ̀sán àti òru gbogbo ọdún pọ̀, tí a sì pín in dọ́gba, nǹkan bí ìwọ̀n 26 sí 27 ni Sokodé ń wà.

Kí ẹ mú ìwọ̀n 26 sí 27 yìí dání, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ènìyàn bá gbẹ́ ilẹ̀ ní mítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ooru tí yóò bá níbẹ̀ kò jìnnà sí i, ìbáà jẹ́ oṣù kẹta, ìbáà jẹ́ oṣù kẹjọ. Ooru ọjọ́ kan ṣoṣo kì í wọ inú ilẹ̀ ju nǹkan bí ìdajì mítà lọ kí ó tó kú. Ilẹ̀ abẹ́ ilé, tí oòrùn kì í rí, tí òjò kì í pa, wá ń ṣe bí ìkòkò omi ńlá tí wọ́n gbé sí ibòòji: kì í tètè gbóná, kì í sì í tètè tutù.

Ní aago mẹ́ta ọ̀sán ní oṣù kẹta, nígbà tí afẹ́fẹ́ àgbàlá ti gbóná ju ara ẹni lọ díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ yàrá tí wọ́n lù dáadáa ṣì tutù jù ú lọ. Ara ẹni tó dùbúlẹ̀ lórí ẹní ń fi ooru rẹ̀ fún ilẹ̀ náà. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń kúrò lórí ibùsùn lọ́sàn-án, tí wọ́n á tẹ́ ẹní sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwa ọmọdé rò pé òṣì ni. Ní òru ọyẹ́, ọ̀rọ̀ yí padà: ìta lè wálẹ̀ sí ìwọ̀n 20 tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ yàrá kì í bá a dé ibẹ̀. Ilẹ̀ kan náà ló ń tutù fún wa nígbà ooru, tó sì ń pa òtútù mọ́ fún wa nígbà ọyẹ́, láìgba kọ́bọ̀.

Gbogbo èyí dúró lórí ohun kan: kí ilẹ̀ yàrá so pọ̀ mọ́ ilẹ̀ ìsàlẹ̀ láìsí àlàfo. Bí afẹ́fẹ́ bá wà láàrin wọn, tí afẹ́fẹ́ náà sì ń wọlé láti ìta, ooru ìta ni ilẹ̀ yàrá yóò máa tẹ̀ lé.

Bí wọ́n ṣe ń lu ilẹ̀

Ọkùnrin ló ń mọ ògiri, obìnrin ló ni ilẹ̀. Báyìí ni iṣẹ́ ṣe pín ní ọ̀pọ̀ agbo ilé wa, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò wa tí kì í sọ èdè Yorùbá. Yunifásítì elédè Faransé ni mo lọ, terre battue ni mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n sí nínú ìwé. Ẹnu àwọn ìyá ni mo ti gbọ́ pé iṣẹ́ mẹ́ta ni, pé kí a lu ilẹ̀ yàtọ̀ sí kí a ra ilẹ̀, kí a ra ilẹ̀ sì yàtọ̀ sí kí a dán an.

Kí wọ́n tó kó ohunkóhun sí ìpìlẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ kó erùpẹ̀ dúdú òkè kúrò, èyí tí gbòǹgbò àti ewé jíjẹrà wà nínú rẹ̀. Ohun tí ikán ń wá nìyẹn, ó sì máa ń rì bí ó bá jẹrà tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á da yangí sí i, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: wọ́n á da ìpele kan, wọ́n á wọ́n omi díẹ̀ sí i, wọ́n á lù ú, kí wọ́n tó da òmíràn lé e. Bí wọ́n bá da gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, òkè nìkan ni yóò le, ìsàlẹ̀ yóò máa rọ̀, bó bá di ọdún kejì ilẹ̀ yóò lanu. Àṣìṣe yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ń ṣe lónìí pẹ̀lú ohun tí àwọn bíríkìlà ń pè ní remblai: ọkọ̀ akẹ́rù kan á da erùpẹ̀ kalẹ̀, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì da sìmẹ́ǹtì lé e lọ́jọ́ kejì.

Erùpẹ̀ ọ̀gán ló ń kẹ́yìn. Ikán ti yan amọ̀ inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó dì mọ́ra ju erùpẹ̀ lásán lọ. Àwọn obìnrin á fọ́ ọ, wọ́n á pò ó, wọ́n á tẹ́ ẹ, wọ́n á wá tò lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú igi pẹlẹbẹ lọ́wọ́, wọ́n á máa lù ú bí wọ́n ti ń kọrin. Orin náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, nítorí pé igi gbogbo wọn gbọ́dọ̀ balẹ̀ pọ̀. Bí ẹnì kan bá ń lù lọ́tọ̀, ojú ilẹ̀ á di gbágungbàgun.

Lẹ́yìn lílù ni rírà. Ìgbẹ́ màlúù tí wọ́n fi omi pò ni ọ̀pọ̀ ń lò. Ohun tó tún wọ́pọ̀ ní gbogbo àríwá Togo àti Benin ni omi èèpo igbá, igi tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe irú. Bí obìnrin bá ti yọ irú tán, kì í da èèpo rẹ̀ nù. Wọ́n á rẹ ẹ́ tàbí wọ́n á sè é títí omi rẹ̀ yóò fi pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, wọ́n á sì dà á sórí ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbẹ. Tanin inú omi náà ń so amọ̀ pọ̀, omi òjò kì í sì í tètè wọ̀ ọ́ mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi òkúta odò dídán yìí i, títí yóò fi ń tàn. Ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í gbé eruku, wọ́n sì lè gbá a lójoojúmọ́. Àìlera rẹ̀ ni pé ó ń fẹ́ àtúnṣe lọ́dọọdún, lẹ́yìn òjò, nígbà tí iṣẹ́ oko náà ń pe àwọn obìnrin kan náà. A kò gbọdọ̀ fi ìyẹn pamọ́. Sìmẹ́ǹtì borí nítorí pé ó sinmi lé owó ọkùnrin lẹ́ẹ̀kan, kò sinmi lé ẹ̀yìn obìnrin lọ́dọọdún.

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ ní apá ọ̀dọ̀ wa. Ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n fi àpáàdì tí wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́-lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ́ àgbàlá àti ọ̀nà láàrin nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400, kí omi lè rí ọ̀nà lọ kí ẹrọ̀fọ̀ má sì dé ẹnu ọ̀nà. Ìtàn ẹnu Ifẹ̀ fi í lé orúkọ Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni. A ti rí irú àpáàdì títẹ́ yẹn ní Notsé, ní gúúsù Togo, ọ̀mọ̀wé Dola Angèle Aguigah, onímọ̀ ìwalẹ̀ ọmọ Togo, sì ti fi ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí àpáàdì títẹ́ àti ilẹ̀ lílù. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìwádìí nípa Kambolé, ibẹ̀ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀ kàwé.

Ohun mìíràn tún wà lábẹ́ ilé. Àwọn Yorùbá àtijọ́ máa ń sin àgbà sínú yàrá rẹ̀, kí ó má baà jìnnà sí àwọn ọmọ. Ìjọba amúnisìn gbógun tì í nítorí ìlera, ẹ̀sìn Ìsìláàmù tó gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa sì ti gbé òkú lọ sí itẹ́. Síbẹ̀, ó ń ṣàlàyé ìdí tí àwọn àgbà kan kò fi fẹ́ kí a wa ilẹ̀ yàrá àtijọ́ nígbà tí a bá ń wó ilé láti tún un kọ́. Ẹ kọ́kọ́ béèrè kí ẹ tó gbé ọkọ́.

Ibi tí òfìfo ti wúlò

Àwa náà mọ òfìfo abẹ́ ilé, ṣùgbọ́n ilé oúnjẹ ni a ń ṣe é fún. Orí òkúta tàbí orí ẹsẹ̀ igi ni wọ́n ń gbé àká sí, kí ọ̀rinrin ilẹ̀ má baà dé ara àgbàdo àti ọkà bàbà, kí eku má baà gùn ún, kí afẹ́fẹ́ sì lè gba ìsàlẹ̀ kọjá. Adìẹ ń sá ooru lọ síbẹ̀. Àwọn baba wa mọ bí wọ́n ṣe ń gbé nǹkan kúrò nílẹ̀, wọ́n sì yàn pé kí ọkà wà lókè, kí ènìyàn wà nílẹ̀. Ọkà ń fẹ́ gbígbẹ, ènìyàn ń fẹ́ ìtura, ohun kan náà kọ́ ni.

Ní Koutammakou, ní àríwá orílẹ̀-èdè wa, tí UNESCO fi sínú àkójọ ogún ayé ní 2004, àwọn Batammariba ń kọ́ takienta alájà méjì: ẹran ọ̀sìn àti ibi ìdáná wà nísàlẹ̀, ènìyàn ń sùn lókè. Ooru ẹran àti ti iná ń gòkè tọ àwọn tó sùn. Ní Ganvié, lórí adágún Nokoué ní Benin, àti ní Ayétòrò, tí àwọn Ìlàjẹ tẹ̀dó ní 1947 létí òkun ìpínlẹ̀ Oǹdó, orí ẹsẹ̀ igi ni ilé wà, nítorí pé omi ló wà nísàlẹ̀.

Àwọn òyìnbó amúnisìn pẹ̀lú gbé ilé wọn sórí òpó, ní Èkó àti ní ibòmíràn ní etíkun. Wọ́n gbà pé èémí búburú tó ń jáde láti inú ilẹ̀ ló ń fa ibà, títí Ronald Ross fi fi hàn ní 1897 pé ẹ̀fọn ló ń gbé e. Ìgbàgbọ́ náà ṣubú, ilé orí òpó ṣì ń dára lójú ènìyàn. Mo rò pé díẹ̀ nínú àwòrán tí a ń rí lónìí ń tẹ̀ lé ẹwà yẹn láìmọ ìdí tó fi bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí àwọn ará òkèèrè ti rí

Ní London, ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ nígbà ayaba Victoria ní ilẹ̀ pákó lórí òfìfo. Ihò afẹ́fẹ́ wà lára ògiri ìsàlẹ̀ kí pákó má baà jẹrà, atẹ́gùn òtútù sì ń gba àárín pákó wọ yàrá. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó bá ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ lè fi ohun tó ń dá òtútù dúró sí abẹ́ pákó, ṣùgbọ́n kí wọ́n má dí ihò náà.

Èyí tó kàn wá jù ni ti Princeville, ní North Carolina ní Amẹ́ríkà, nítorí pé ilẹ̀ olóoru tó ní ọ̀rinrin ni nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Àwọn ọmọ Áfíríkà tó bọ́ lóko ẹrú ló tẹ ìlú náà dó. Ní 1885 ni òfin dá a mọ̀. Lẹ́yìn tí omíyalé ìjì Floyd ti ba ìlú náà jẹ́ ní 1999, àjọ Advanced Energy lo ilé tuntun 12 níbẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ òfìfo abẹ́ ilé. Wọ́n fi ihò afẹ́fẹ́ sílẹ̀ fún àwọn kan gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ní ti àwọn yòókù, wọ́n dí ihò náà, wọ́n sì tẹ́ ọ̀rá sórí ilẹ̀. Àwọn ilé tí wọ́n dí abẹ́ wọn ná iná tó fi ju ìdá 15 nínú 100 dín sí ti àwọn yòókù lórí ìtutù àti ìgbóná ilé, abẹ́ wọn sì gbẹ jù.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Afẹ́fẹ́ olómi tó gbóná ń wọ abẹ́ ilé tó tutù, omi inú rẹ̀ sì ń yọ sára ohun tó bá kàn, bí ara ìgò omi tútù ṣe ń làágùn. Ihò tí wọ́n ṣe láti gbẹ abẹ́ ilé ló ń bu omi sí i.  Pẹ̀lúpẹ̀lú, òfìfo tó ní ihò ní ilẹ̀ wa yóò di ilé ejò, ti eku àti ti ẹ̀fọn. Ẹni tó bá ti gbé nílé wa kò ní kí n ṣàlàyé ìyẹn.

Ilé tuntun àti mítà Cash Power

Òdìkejì òfìfo náà léwu. Ilé búlọ́ọ̀kù púpọ̀ ló wà ní Sokodé àti Tchamba tí ilẹ̀ yàrá wọn kò ga ju àgbàlá lọ. Òjò tó ń rọ̀ ní ọ̀dọ̀ wa lọ́dún kọjá 1200 mílímítà, oṣù díẹ̀ ló sì fi ń rọ̀ ọ́. Omi ń dúró lẹ́sẹ̀ ògiri, búlọ́ọ̀kù ń fà á mu bí òwú fìtílà ṣe ń fa epo, ọ̀dà á bẹ̀rẹ̀ sí í bó, aṣọ inú àpótí á bu. Nínú yàrá tó rí bẹ́ẹ̀, ènìyàn ń làágùn, òógùn kì í gbẹ, fáànù kò sì lè ṣe tó bó ti yẹ. Ibẹ̀ ni ìdílé ti ń ronú ẹ̀rọ amúlétutù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Fáànù tó ń jẹ wáàtì 60, bí ó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 10, 0,6 kWh ló jẹ. Ẹ̀rọ amúlétutù kékeré tó ń jẹ wáàtì 900, bí kò bá sinmi fún wákàtí 10 náà, 9 kWh ni: ìlọ́po 15. Ẹni tó ń ra Cash Power lọ́wọ́ CEET mọ bí ìyàtọ̀ yẹn ṣe ń rí lára. Apá kan nínú iná náà ń wá láti ìsédò Nangbéto, tí Togo àti Benin jọ ní, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1987 lórí odò Mono. Láàrin Sokodé àti ààlà Benin ni orísun Mono wà, omi wa ni, ṣùgbọ́n wọn kì í dín owó kù fún wa nítorí ìyẹn.

Òtítọ́ ni pé òrùlé ń mú ooru wọlé ju ilẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fi páànù bolé láìsí àjà, kí ó kọ́kọ́ ṣe àjà kí ó tó máa da abẹ́ ilé láàmú. Bí òrùlé bá ti ní àjà, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì dá oòrùn dúró lára ògiri, iṣẹ́ ilẹ̀ á wá hàn.

Bí a ó ṣe lo ọgbọ́n àtijọ́ pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì nìyí. Kí wọ́n gbé ìpìlẹ̀ tó yọ sókè, èyí tí bíríkìlà ń pè ní soubassement, ga tó 40 sẹ̀ntímítà ó kéré tán ju ilẹ̀ àgbàlá lọ. Kí wọ́n kó erùpẹ̀ dúdú kúrò, kí wọ́n da yangí ní ìpele-ìpele, kí wọ́n lu ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lórí rẹ̀ ni òkúta ńláńlá, hérisson, nítorí pé omi kì í lè gun àlàfo ńlá tó wà láàrin òkúta. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rá polyane, kí wọ́n tó da kọnkéré. Kọnkéré náà ṣì jókòó lórí ilẹ̀, ìtutù ilẹ̀ ń dé ẹsẹ̀, omi kò dé e. Kí ilẹ̀ àgbàlá dà síta, kúrò lẹ́sẹ̀ ògiri. Kí wọ́n má sì gbẹ́ amọ̀ tàbí yangí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Kòtò tí wọ́n bá gbẹ́ síbẹ̀ ni omi yóò máa ti wá. Níbi àbàtà, níbi tí omi ń bo ilẹ̀ lọ́dọọdún, mo gbà pé kí a gbé ilé sórí òpó gíga tí afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá gbangba, ṣùgbọ́n ó sàn jù kí a wá ilẹ̀ mìíràn.

Fún ilé tó ti wà nílẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ ń tutù rinrin, ẹ gé ọ̀rá tó tó ojú àwo ńlá kan, ẹ fi lẹ́ẹ̀mù lẹ etí rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ yíká, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí omi bá wà lábẹ́ ọ̀rá, láti inú ilẹ̀ ló ti ń bọ̀: ẹ̀bá ògiri lóde ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ó bá wà lórí ọ̀rá, afẹ́fẹ́ ló gbé e wá. Ẹ ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé nígbà tí ọ̀rinrin ìta bá pọ̀ jù, kí ẹ ṣí i nígbà tí oòrùn bá ràn.